PZ: bí orúkọ àlejò méjì ṣe di orúkọ àdúgbò wa, àti ọ̀rọ̀ àmì ẹgbẹ́ tó dá ìjà sílẹ̀

Voice note mẹ́rin tí admin fi ránṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé ni èyí. A tẹ̀ ẹ́ jáde fún àwọn tí dátà wọn ò gbé ohùn, àti fún àwọn tó wà nínú ariwo ọjà. Ẹ lè fi ránṣẹ́ sí àwọn ará wa ní Samaru, Tudun Wada àti Kwangila.

VOICE NOTE KÌÍNÍ

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé wa gbogbo. Ẹ kú ọjà, ẹ kú ooru, ẹ kú àìríná lò. Ẹ̀yin bàbá wa àti ẹ̀yin ìyá wa tó wà lórí group yìí, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó la ẹnu. Ẹ̀yin àbúrò mi, mo kí yín. Mo mọ̀ pé inú ń bí àwọn kan sí mi pé mo ti group pa láti ọjọ́rú, pé admin nìkan ló lè sọ̀rọ̀. Ẹ má bínú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ báńnà bá ti di "ta ni bàbá ẹ", ó yẹ kí ẹnì kan dà omi sí i.

Fún àwọn tí kò sí níbẹ̀: ẹgbẹ́ wa ní àmì kan tó ti wà lára káàdì àti báńnà wa láti ayé àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ọwọ́ méjì ni, tó di ara wọn mú, pẹ̀lú òṣùwọ̀n ọjà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa gbé tuntun wá, lẹ́tà mẹ́ta nínú róbótó. Ó rẹwà lójú fóònù, n ò ní purọ́. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni wọ́n ní kí olúkúlùkù dá kí a fi tẹ káàdì, báńnà àti náílọ́ọ̀nù tuntun. Àwọn àgbà ní àwọn ò ní dá kọ́bọ̀, pé ṣé àwọn tó ya ti àkọ́kọ́ ya wèrè ni. Ibẹ̀ ni èébú ti wọlé.

Mo wá rò ó pé dípò kí a máa bú ara wa, ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó ti ṣe irú nǹkan yìí ṣáájú wa, tí owó wọn sì ju tiwa lọ. A ò tiẹ̀ ní lọ jìnnà. Bí a bá wọ kẹ̀kẹ́ NAPEP ní Kwangila, kí la máa ń sọ? "PZ." Báńkì wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù fóònù wà níbẹ̀, ibẹ̀ la ti ń dúró de ara wa. Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí rò pé orúkọ ilẹ̀ Haúsá ni. Ọmọ mi obìnrin ló bi mí léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, kí ni ìtumọ̀ PZ?" Mo kàn ní kó lọ ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé ẹ̀, nítorí èmi alára ò mọ̀ ọ́n dáadáa nígbà yẹn. Ìgbà tí mo wá mọ̀ ọ́n, ó dùn mọ́ mi.

P ni Paterson. Z ni Zochonis. Ènìyàn ni àwọn méjèèjì. George sì ni orúkọ àwọn méjèèjì, ẹ wò ó! George Paterson jẹ́ ọmọ Scotland, George Zochonis jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì. Freetown ní Sierra Leone ni wọ́n ti da òwò pọ̀, ní 1879 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ibùdó òwò níbẹ̀, nígbà tó sì di 1884 wọ́n fìdí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fi orúkọ ara wọn sọ múlẹ̀. Wọ́n ń ra èso ilẹ̀ wa lọ sí òkè òkun, wọ́n sì ń kó aṣọ àti ọjà òyìnbó wọlé wá tà.

Ibi tó wọ̀ mí lára nìyí: àlejò ni wọ́n. Ẹni tó ti Gíríìsì wá jókòó sí Freetown láti tajà, kí ló fi yàtọ̀ sí ẹni tó ti Ogbomọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀ffà tàbí Ìsẹ́yìn wá jókòó sí Sábọ̀n Gàrí? Èdè ibẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Oúnjẹ ibẹ̀ kọ́kọ́ dà á nínú rú. Ohun tó ní kò ju ojú rere àwọn oníbàárà lọ. Àmọ́ ṣá, wọ́n ní ọkọ̀ òkun àti ìjọba lẹ́yìn, àwa ò ní. Kí n sọ ìyẹn kí ẹnì kan má baà sọ pé mo ń gbé òyìnbó gẹṣin.

Ní 1899 wọ́n dé Nàìjíríà. Nígbà tí reluwé wá dé apá ọ̀dọ̀ wa níbí, tó kọjá lọ sí Kano ní nǹkan bí 1911, gbogbo ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra owú àti ẹ̀pà fẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn bàbá ńlá wa náà bá reluwé yẹn wá, Sábọ̀n Gàrí ni wọ́n sì fi wọ́n sí. Ìlú tuntun ni ìtumọ̀ Sábọ̀n Gàrí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. PZ wà nínú àwọn ilé-iṣẹ́ òwò wọ̀nyẹn. Òwò àtijọ́ yẹn ti lọ tipẹ́, orúkọ ló kù sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní owó láti ra sáìnbọ́ọ̀dù, ẹ sọ fún mi, sáìnbọ́ọ̀dù wo ló ju kí ọlọ́kẹ̀kẹ́ máa pe orúkọ rẹ ní gbogbo ọjọ́ láìgba kọ́bọ̀?

VOICE NOTE KEJÌ

Mo padà dé. Ìpè kan ló wọlé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wo orúkọ yẹn. Ẹ gbìyànjú kí ẹ pe "Zochonis" lẹ́ẹ̀mẹ́ta kíákíá. Ahọ́n á lọ́. Èrò tèmi ni pé ọjà ló ké orúkọ náà kúrú kí ilé-iṣẹ́ tó ké e kúrú lórí ìwé. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ ti Nàìjíríà níbí kò fi "PZ" nìkan ṣe orúkọ lábẹ́ òfin títí di 1990, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà wa ti ń pe ibẹ̀ ní PZ tipẹ́ kí ọdún náà tó dé.

Ẹ tẹ́tí sí bí orúkọ ṣe ń yí, ó máa yà yín lẹ́nu. Iṣẹ́ ọṣẹ tí wọ́n ń ṣe ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Aba. Ní 1948 ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, P.B. Nicholas and Company sì ni orúkọ náà nígbà yẹn. Ní 1953 ó di Alagbon Industries. Ní 1960 ó di Associated Industries. Ní 1972 ó di ti gbogbo ènìyàn, kí ará ìlú lè ra ìpín, ní 1974 ó wọ ọjà ìpín ìdókòwò. Ní 1976 ni wọ́n tó wá sọ ọ́ ní Paterson Zochonis Industries. Ní 1990, PZ Industries. Ní 2006, PZ Cussons Nigeria. Orúkọ mẹ́fà nìyẹn lára ọmọ kan ṣoṣo!

Wàyí o, ta ló ti gbọ́ Alagbon Industries rí nínú wa? Mo bi Alága, ó ní òun ò gbọ́ ọ rí, bẹ́ẹ̀ bàbá ti wà ní Zaria kí wọ́n tó bí mi. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ọṣẹ Joy? Ta ni kò mọ Canoe? Ta ni ìyá rẹ̀ kò fi Robb ra ihò imú nígbà ọ̀fìnkìn? Ta ni kò mọ fíríìjì Thermocool? Orúkọ ilé-iṣẹ́ lórí ìwé ń yí bí ọ̀gà, èyí tó wà lọ́wọ́ ìyá àgbà ní kíṣìnì dúró sójú kan. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé orí méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ní. Orúkọ kan wà tí ìjọba, báńkì àti lọ́yà ń lò. Orúkọ kan tún wà tí oníbàárà ń fi ojú mọ̀. Èkíní, o lè yí i bó ṣe wù ẹ́. Èkejì, oníbàárà ló ni ín, bí o bá fọwọ́ kàn án, kí o rọra.

Ẹ tún wò ó pé púpọ̀ nínú orúkọ ọjà wọn jẹ́ ohun tí a lè yà. Canoe, ọkọ̀ ojú omi. Elephant, erin. Ìyá tó ti Soba wá rajà fún abúlé, tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, kò nílò kó ka nǹkan kan. Á ní "ba ni mai giwa", fún mi ní élérin. Ó parí. (Ẹni tó bá ti ìlú Giwa wá á kàn máa rẹ́rìn-ín, torí erin ni orúkọ ìlú wọn ní Haúsá.) Àwọn tó ń ta ọjà ní ilẹ̀ yìí láti ayé àtijọ́ mọ̀ pé àwòrán ló ń rìn dé ibi tí ìwé ò dé. Kọ́kọ́rọ́ wà lára ọṣẹ Key, ọjọ́ pẹ́.

Ó wá kù díẹ̀ kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ Omo. Ti Unilever ni Omo, àwọn tí wọ́n jọ ń du ọjà ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ọṣẹ oníyẹ̀fun tí a fi ń fọṣọ la ń pè ní Omo. Oníbàárà á ní "ẹ fún mi ní Omo", o bi í pé èwo, á ní "Omo Elephant". Ní 2023 Unilever sọ pé àwọn ò ní ṣe Omo, Sunlight àti Lux mọ́ ní Nàìjíríà. Ọjà lọ, orúkọ kò lọ. Lónìí yìí mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ìta ṣọ́ọ̀bù mi.

Cussons wá ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ní Ìlú Ọba ni, àwọn ló ni Imperial Leather, tó ti wà lọ́jà láti 1938. Ní 1975 PZ rà wọ́n. Ẹni tó rà wọ́n ò yára pa orúkọ wọn rẹ́ o. Ó tó 2002 kí ilé-iṣẹ́ ńlá tó wà lókè òkun tó so orúkọ méjèèjì pọ̀, PZ Cussons, tiwa níbí sì tẹ̀lé e ní 2006 bí mo ṣe sọ. Ó dà bí ìgbà tí obìnrin bá lọ́kọ tó sì fi orúkọ bàbá rẹ̀ síwájú ti ọkọ. Bí mo ṣe rò ó, ní Ìlú Ọba kò sí ẹni tó mọ PZ lójú pópó, Cussons ni wọ́n mọ̀ nínú balùwẹ̀ wọn. Níbí, PZ la mọ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ̀kan, wọ́n á pàdánù apá kan.

Ẹ lọ wo Imperial Leather nínú balùwẹ̀ yín lálẹ́ yìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lò ó. Àmì kékeré kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú ọṣẹ náà. Omi kì í yára ṣí i. Ọṣẹ á máa tín-ín-rín, á dín kù títí á fi dà bí ewé, àmì yẹn á ṣì wà lójú rẹ̀. Ìyàwó mi a máa fi ojú àmì náà dé ilẹ̀ kí ọṣẹ má baà rọ̀ nínú omi. Ẹni tó ronú ìyẹn, kí Ọlọ́run bù sí i fún un. Gbogbo ìgbà tí o bá wẹ̀ ni o rí orúkọ rẹ̀, títí kan ọjọ́ tí o máa ra òmíràn.

VOICE NOTE KẸTA

Ẹ gbà mí láyè kí n sáré mẹ́nu ba àwọn báńkì, torí àwọn kan ti kọ̀wé sí inbox mi lẹ́yìn ìyẹn àkọ́kọ́ pé kí ni mo ní sọ sí erin àti ẹṣin.

First Bank kì í ṣe First Bank látilẹ̀. Alfred Jones, olówó ọkọ̀ òkun ní Liverpool, ló wà nídìí rẹ̀. Ní 1894, Bank of British West Africa ni. Ní 1957 wọ́n yọ "British" kúrò, ó di Bank of West Africa. Lẹ́yìn náà ó darapọ̀ mọ́ Standard Bank, ó ń jẹ́ Standard Bank. Àwọn àgbà wa kan ṣì ń pè é ní Standard títí di àìpẹ́ yìí. Ní 1979 ló di First Bank. Nígbà tó pé ọgọ́fà ọdún ní 2014, wọ́n tún erin wọn yà, wọ́n sì ń sọ pé "You First" níbi tí wọ́n ti ń sọ "Truly the First" tẹ́lẹ̀. Erin kò di kìnnìún. Wọ́n kàn wẹ̀ ẹ́, wọ́n pa á lára, wọ́n sì kọ "Since 1894" sí i kí ẹni tó bá rò pé ọmọ tuntun ni lè mọ̀.

Union Bank náà, Colonial Bank ló wọ Nàìjíríà ní 1917. Ó di Barclays ní 1925. Nígbà tó di 1978, ìjọba àpapọ̀ kó owó wọn kúrò ní Barclays nítorí òwò tí Barclays ń ṣe ní South Africa, nígbà tí àwọn aláwọ̀ funfun ṣì ń fi ìyà jẹ aláwọ̀ dúdú níbẹ̀. Ní 1979 orúkọ Barclays kúrò, Union Bank dé. Ẹ rí i pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ilé-iṣẹ́ ń pa orúkọ dà nítorí ẹwà. Nígbà mìíràn, orúkọ ti rùn ni. Ọdún kan náà ni BP di African Petroleum ní orílẹ̀-èdè yìí, ọ̀rọ̀ South Africa náà ló sì fà á.

Ẹṣin funfun ni Union Bank mú, ẹni tó wà ní Zaria tó sì ti rí Hawan Sallah mọ ohun tí ẹṣin jẹ́ lójú ará ibí. Ní 2015 wọ́n tún ẹṣin náà yà, ó fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó jọ èyí tí wọ́n fi ìlà díẹ̀ fà. Mo ti gbọ́ tí Mallam kan ń sọ pé wọ́n ti fi ebi pa ẹṣin náà. Ṣùgbọ́n ẹṣin ṣì ni. Ní 2022 báńkì kékeré kan, Titan Trust, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2019, ló ra Union Bank. Èyí tí wọ́n rà ló kù lára sáìnbọ́ọ̀dù! Ọmọ kékeré ra ilé àgbà, ó sì fi orúkọ àgbà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́n.

Ẹ fi èyí wé Access àti Diamond. Ní 2019 tí wọ́n dàpọ̀, Access ló tóbi, orúkọ Access ló dúró, àmọ́ wọ́n mú àmì Diamond sára tiwọn kí oníbàárà Diamond má baà wọ ilé kó rò pé òun ti ṣi ilé wọ̀.

Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a ń pè ní Airtel lónìí ni mo máa fi parí apá yìí. Econet ló jẹ́ ní 2001. Ó di Vmobile, ó di Celtel ní 2006, ó di Zain ní 2008, ó di Airtel ní 2010. Gbogbo ẹ̀, kò tó ọdún mẹ́wàá! Àwọ̀ ń yí, orin ń yí, agbòòrùn tí wọ́n ń fún wa ń yí. Kí ló dé tí a ò sá lọ? Nítorí 0802 wa kò yí. Nọ́ńbà yẹn gan-an ni àmì wọn lójú oníṣòwò, torí oun ni oníbàárà fi ń pè wá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ níbí, ẹ dákun ẹ fara balẹ̀. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ bá ń pa páálí tàbí àmì dà ni àwọn ayédèrú máa ń wọlé. Arákùnrin wa kan nínú group yìí, n ò ní dárúkọ ẹ̀, ó fún mi láṣẹ kí n sọ ọ́, ra kátọ́ọ̀nù ọṣẹ púpọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tó fi ọkọ̀ kó o wá. Ó rí i pé ìwé ara rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ó bi ọkùnrin náà. Èsì ni, "Alhaji, ẹ̀yà tuntun nìyí, ilé-iṣẹ́ ti yí i padà." Ó gbà. Ó tà á fún àwọn tó ń gbé e lọ sí abúlé. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n ti ń kó o padà wá, kò hó, ó ń yún wọn lára. Ó dá owó gbogbo wọn padà. Ọjà tó fi ọdún mẹ́ta kó jọ lọ síbẹ̀. Èyí tó sì dùn ún jù lọ ni pé àwọn oníbàárà kan ò padà wá, wọ́n rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé "ẹ̀yà tuntun nìyí", ẹ má gba ẹnu rẹ̀ nìkan. Nọ́ńbà oníbàárà wà lára páálí tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn èyí tí ẹ mọ̀ pé ó dájú, ibẹ̀ ni kí ẹ pè, kì í ṣe èyí tó wà lára tuntun. Ẹ bi olùpín ọjà tó ní ìwé àṣẹ. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ ka orúkọ náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, torí lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń yí. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó bá fi àmì báńkì sí ojú WhatsApp rẹ̀ tó ń bi yín ní nọ́ńbà àṣírí káàdì. Ọmọdé lè gé erin kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara rẹ̀.

VOICE NOTE KẸRIN

Èyí ló kẹ́yìn. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ tèmi kí ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín.

Gbogbo yín mọ̀ pé èèlò ìránṣọ ni mo ń tà, òwú, bọ́tìnnì, zip, àti aṣọ inú. Láti ìgbà tí mo ti dá dúró, náílọ́ọ̀nù mi ní àwòrán àlùmọ́gàjí pupa. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ ọmọ mi kan tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà sọ fún mi pé àlùmọ́gàjí ti di àtijọ́, ó ya lẹ́tà orúkọ mi méjì fún mi, wúrà lórí dúdú. Mo wò ó, ó dà bí ti olówó. Mo tẹ náílọ́ọ̀nù ẹgbẹ̀rún márùn-ún, mo sì pa àlùmọ́gàjí rẹ́ kúrò lójú ṣọ́ọ̀bù.

Oṣù kan, ọjà lọ sílẹ̀. Oṣù kejì, ó tún lọ sílẹ̀. Mo ní Sallah ló kọjá. Àfi ọjọ́ tí mo pàdé télọ̀ kan láti Giwa nínú ọkọ̀, tó kí mi tayọ̀tayọ̀, tó ní òun ti ń wá mi, pé wọ́n ti sọ fún òun pé "mai almakashi" ti kó padà sí ìlú rẹ̀. Mai almakashi ni orúkọ mi o! Ogún ọdún ni mo fi wà lọ́jà, mo rò pé wọ́n mọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Àwọn télọ̀ ń rán ọmọ iṣẹ́ wọn láti abúlé pé "lọ sí ṣọ́ọ̀bù alálùmọ́gàjí", ọmọ náà á dé ìlà wa, á wo ọ̀tún, á wo òsì, kò rí àlùmọ́gàjí, á rà á níbòmíràn. (Ẹ tiẹ̀ ṣàkíyèsí pé àlùmọ́gàjí tiwa àti almakashi tiwọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ọ̀rọ̀ ti ń bá ọjà rìn láàárín wa kí reluwé tó dé.)

Mo dá àlùmọ́gàjí padà. Ṣùgbọ́n n kò ju iṣẹ́ ọmọkùnrin yẹn nù pátápátá, torí òótọ́ ni pé ti àtijọ́ ti wú, téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ kékeré ó máa ń dà bí aláǹgbá. Mo ní kó tún un yà kó mọ́, kó fi àwọ̀ pupa sílẹ̀ bó ṣe wà, kó fi orúkọ mi sí abẹ́ rẹ̀. Náílọ́ọ̀nù dúdú tó kù, mo fi ń di ẹrù nílé títí dòní.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ má rò pé mo wà lẹ́yìn àwọn àgbà torí pé irun mi ti ń funfun. Ọwọ́ méjì wa kò hàn dáadáa lára káàdì, òótọ́ lẹ sọ. Nígbà tí ọlọ́pàá dá ọmọ wa kan dúró lọ́nà Kaduna tó fi káàdì hàn, ọlọ́pàá náà ní ṣé ẹja ni. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn náà dun ni. Ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ tó ń fún wa ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn mai anguwa, àwọn tó ń pè wá sí ìpàdé ọjà, ọwọ́ méjì yẹn ni wọ́n mọ̀. Nígbà tí nǹkan gbóná nílùú lọ́jọ́sí, báńnà ọwọ́ méjì la gbé jáde nígbà tí a lọ kí wọn. Wọn ò lè ka lẹ́tà mẹ́ta yẹn, wọn ò sì mọ ẹni tó ni ín. Lójú tèmi, kí a tún ọwọ́ méjì yà kó mọ́, kí a fi lẹ́tà àwọn ọ̀dọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Káàdì àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ títí tó fi máa gbó, ẹni tó bá fẹ́ tuntun ni kó sanwó. Ẹgbẹ̀rún méjì lórí olúkúlùkù ti pọ̀ jù nínú ọjà tí a wà yìí.

Ohun kan kù tí ẹnikẹ́ni ò mẹ́nu bà nínú gbogbo ariwo yẹn. Àmì náà, ta ló ni ín lábẹ́ òfin? Àwọn kan ní a ti forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC. Ó dáa. Orúkọ ni CAC fún wa, kò fún wa ní àmì. Ìforúkọsílẹ̀ àmì ọjà yàtọ̀, Abuja ló wà, lọ́dọ̀ ọ́fíìsì àmì ọjà tó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí òwò. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ọdún méje àkọ́kọ́ ni, bí o bá tún un ṣe, ọdún mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá. Èyí kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ orúkọ sára ọjà tiyín jù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta àgbo inú ìgò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń di kúlíkúlí àti ẹ̀wà sínú náílọ́ọ̀nù. Mo mọ àwọn mẹ́ta nínú yín tí orúkọ yín ti ń lọ dé Kano. Bí ẹlòmíràn bá sáré forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú yín, ẹ̀yin lẹ máa wá dàbí ayédèrú. Ẹ wá lọ́yà tó mọ̀ ọ́n, ẹ má fún ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun mọ ẹnì kan ní Abuja lówó.

Ìpàdé wa di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nílé Alága. Kí àwọn ọ̀dọ́ mú àwòrán wọn wá lórí ìwé, kì í ṣe lórí fóònù, kí ìyá wa tó ń ta gààrí lè fọwọ́ kàn án. A máa tẹ̀ ẹ́ ní kékeré àti ní ńlá, a máa gbé e sí ọ̀nà jíjìn, a máa pe ọmọ Haúsá kan tí ò mọ ẹgbẹ́ wa pé kí ló rí. Ẹni tó sọ̀rọ̀ sí Bàbá ọ̀hún lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, o mọ ara rẹ, wá dọ̀bálẹ̀ fún wọn kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Mo máa ṣí group lọ́la lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Fóònù mi ku ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, jẹnẹrétọ̀ ará ilé wa sì ti kú. Ó dàárọ̀ o.